Ẹ̀sọ̀ Nínú Ẹrẹ̀ Ìsọlọ̀

Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kan nínú Ìsọlọ̀ Industrial Estate ní Èkó, kí ẹ máa wo àwọn píkọ́ọ̀pù. Èyí tó di ẹrù jáde láti ilé iṣẹ́ ń rọra bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó ti já ẹrù sílẹ̀, tó ń padà bọ̀ lófìfo, òun ni ìdí rẹ̀ ń jó sọ́tùn-ún sósì, tí táyà ẹ̀yìn ń yí wìrìwìrì lójú kan, tí ẹrẹ̀ ń ta sí aṣọ àwọn tó ń tì í. Awakọ̀ á tún tẹná. Táyà á tún gbẹ́ ilẹ̀ sí i. Ọmọ ọkọ̀ á pariwo pé, “Ọ̀gá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́!” Ọ̀gá ò ní gbọ́.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. A sábà máa ń fi òwe yìí pẹ̀tù sí ẹni tínú ń bí, bí ẹni pé ẹ̀sọ̀ ò ju pé kéèyàn jókòó kó fọwọ́ lẹ́rán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó fọwọ́ lẹ́rán nínú ẹrẹ̀, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú u sí. Ẹ̀sọ̀ níṣẹ́ nínú, púpọ̀ iṣẹ́ ọ̀hún ló sì yẹ kó ti parí kí ọkọ̀ tó kúrò nílé.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to píkọ́ọ̀pù. Láti ìgbà tí Toyota ti gbé Hilux àkọ́kọ́ jáde ní 1968, iwájú ni ẹ́ńjìnnì wà, táyà ẹ̀yìn ló sì ń ti ọkọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀yìn bá ṣófo, táyà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìwúwo ò sí lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wá bọ́ sínú ẹrẹ̀, tí èkejì wà lórí ilẹ̀ líle, èyí tó wà nínú ẹrẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnnì máa ń sá lọ bá. Béèyàn ṣe ń tẹná tó ni ẹrẹ̀ ń dí ojú táyà tó, títí táyà á fi dán bíi bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán.

Ọmọ Yorùbá tó ń wa irú ọkọ̀ yìí ní Calgary, ní Kánádà, mọ ọ̀ràn náà dunjú, yìnyín ni tirẹ̀. Kí òtútù tó dé, á ti di yanrìn sápò, nǹkan bí 200 kílò, ìyẹn ìwọ̀n àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin, á sì tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, ní ọ̀gangan òkè irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Kì í tò ó sí ìdí ọkọ̀ pátápátá, torí ìyẹn á gbé iwájú fúyẹ́, ìdarí ọkọ̀ á sì dòfo. Á fi okùn dè é kó má baà fò síwájú nígbà tó bá tẹ bíréèkì. Bó bá há, yanrìn kan náà ló máa bù sábẹ́ táyà.

Táyà rẹ̀ náà yàtọ̀. Rọ́bà táyà yìnyín máa ń rọ̀ bí òtútù bá tiẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, níbi tí táyà lásán ti ń le gbagidi. Ẹ ṣọ́ra fún irú rẹ̀ nínú táyà tókunbọ̀: bẹ́ ẹ bá rí àwòrán òkè tí yìnyín wà láàrin rẹ̀ lára táyà, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀. Ojú rẹ̀ jìn, ó wuni, ṣùgbọ́n oòrùn Èkó á jẹ ẹ́ kíákíá.

Bí ọkọ̀ bá ti há ńkọ́? Gíà kejì ni kẹ́ ẹ fi gbéra, kì í ṣe àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí ọwọ́ ìdarí dúró gbọnrangandan. Bí táyà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ wá pákó tàbí òkúta wẹ́wẹ́ kì sábẹ́ rẹ̀. Bí abẹ́ ọkọ̀ bá ti jókòó sórí ẹrẹ̀, ẹ pe ẹni tó máa fà á. Kíkó ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀ kò wúlò níbẹ̀ mọ́. Rírì ló máa mú un rì sí i. Àwọn olówó tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń ṣiṣẹ́ yangàn náà, kí wọ́n rántí pé bíréèkì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dára ju tàwa yòókù lọ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀.

Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òwe yìí di awakọ̀ lẹ́nu. Ní Calgary, ìjọba ìlú a máa rán ọkọ̀ jáde láti ha yìnyín kúrò lójú títì, kí wọ́n sì da iyọ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ẹrẹ̀ inú ọgbà ilé iṣẹ́ tiwa, gọ́tà tó dí ló ń bí i, àpò yanrìn mẹ́rin ò sì lè la gọ́tà.