Ọmọ Tí A Ní Kí Ó Padà Sí Ibi Tí Kò Dé Rí

Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní orúkọ kan tí wọ́n fi ń pe irú àwọn ọmọ kan láàárín wọn. “Diaspo” ni orúkọ náà. Ọmọ Burkina ni baba wọn, ọmọ Burkina ni ìyá wọn, ṣùgbọ́n Ivory Coast ni a bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé dàgbà kí wọ́n tó wá kàwé ní ilẹ̀ àwọn baba wọn. Àwọn náà kò dákẹ́. Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tí a bí sílé: “tenga”, ọ̀rọ̀ èdè Mooré tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà, tí orúkọ ìdílé wọn tilẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan, ṣe jókòó sínú kíláàsì kan, tí ìkíní ń pe ìkejì ní àlejò, tí ìkejì sì ń wo ìkíní bí ará oko.

Òǹkàwé lè bi wá léèrè pé kí ni ó kàn wá nínú èyí. Ó kàn wá gidigidi, a ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1932, ìjọba Faransé pa ilẹ̀ tí à ń pè ní Upper Volta nígbà náà rẹ́ kúrò lórí àwòrán ayé. Wọ́n pín in fún Ivory Coast, fún Soudan tí ó di Mali lẹ́yìn náà, àti fún Niger. Ouagadougou fúnra rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Ivory Coast. Ohun tí àwọn òyìnbó náà ń wá kò fara sin. Apá àwọn ọkùnrin Mossi ni wọ́n ń wá, láti fi ro oko kòkó àti kọfí, láti fi la ọ̀nà, láti fi tẹ́ ojú irin. Iṣẹ́ àfipáṣe ni púpọ̀ nínú rẹ̀, títí di ọdún 1946 tí òfin fi òpin sí i. Ọdún 1947 ni wọ́n tó dá Upper Volta padà, ní 1954 sì ni ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Àbíjàn dé Ouagadougou. Nítorí náà, ọkùnrin tí ó kúrò ní abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Ouagadougou ní 1938, tí ó lọ ń ro oko nítòsí Dimbokro, kò ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn lójú òfin ìgbà náà. Ó kàn jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní 1947, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìdálẹ̀ láì gbé ẹsẹ̀.

Àwọn ọmọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọmọ àwọn tí ó tẹ̀ lé e lọ lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ni à ń sọ. Nígbà tí Ivory Coast ka àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní 1998, àwọn ará Burkina tí ń gbé ibẹ̀ ju 2,000,000 lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ní 1993, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní “ivoirité” ti gba ẹnu àwọn òṣèlú ibẹ̀ kan, èyí tí í ṣe pé kí a tú ìran ènìyàn wò kí a tó gbà pé ọmọ onílẹ̀ ni. Ọ̀gbẹ́ni Alassane Ouattara, tí a bí ní Dimbokro ní 1942, tí ó kàwé ní Bobo-Dioulasso àti ní Ouagadougou nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ti ṣe olórí ìjọba láti 1990 títí dé 1993, ni òfin dí lọ́nà ìbò ààrẹ ní 1995 àti ní 2000 lórí ọ̀ràn ta ni baba rẹ̀ àti ta ni ìyá rẹ̀. Ó di ààrẹ ní 2011. Bí irú ojú bẹ́ẹ̀ bá rí irú èyí, kí ni ojú ọmọ ẹni tí ń ro oko kò ní rí? Ní 1999, wọ́n lé àwọn àgbẹ̀ Burkina kúrò ní agbègbè Tabou. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2002, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé sá gba ìhà àríwá, ìjọba Burkina sì ṣètò ọkọ̀ láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wálé. “Bayiri” ni wọ́n pe ètò náà, èyí tí í ṣe ilẹ̀ baba ní èdè Mooré.

Orúkọ dáradára ni, àmọ́ inú orúkọ náà gan-an ni ìṣòro ọmọ wà. Àwa Yorùbá a máa wí pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Àwọn Mossi náà pín ayé bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó pẹ́ jù ní ìdálẹ̀, wọn a ní ó pẹ́ nínú igbó. Ọ̀rọ̀ yìí bá baba mu. Baba jáde lọ, baba mọ ọ̀nà tí ó gbà lọ, baba lè bọ̀. Ọmọ tí a bí sí oko ńkọ́? A kì í padà sí ibi tí a kò dé rí. Lójú ìjọba, àbọ̀ ni. Lójú baba, àbọ̀ ni. Lójú ọmọ, ìlọ ni, ó sì ti fi ilé sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn ń bá a yọ̀ pé ó dé, kò sì sí ẹni tí ó bá a kẹ́dùn pé ó kúrò.

Ní Àbíjàn, Mossi ni wọ́n ń pè é. Kò fi ojú kan Ouagadougou rí, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ń rán an létí lójoojúmọ́ pé ilé rẹ̀ wà níbòmíràn, ó fi ìtàn tí baba rẹ̀ ń sọ lálẹ́ kọ́ ilé náà sí ọkàn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ti fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó wá dé Ouagadougou. Faransé Àbíjàn ni ó ń sọ; Mooré rẹ̀ kò já geere, ó sì lè má gbọ́ ọ rárá. Bí ó ti ń múra, bí ó ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹni tí í ṣe Mossi lánàá di ará Ivory Coast lónìí. Ọmọ náà kò yí padà lóru ọjọ́ kan. Àwọn tí ń pè é ni wọ́n yí padà.

Ó sì yẹ kí Burkina Faso mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba Thomas Sankara yí orúkọ ilẹ̀ náà padà ní 1984, inú èdè Mooré ni wọ́n ti mú “Burkina”, inú èdè Dioula ni wọ́n ti mú “Faso”, inú èdè Fúlàní ni wọ́n sì ti mú ìparí ọ̀rọ̀ tí ó sọ ará ibẹ̀ di “Burkinabè”. Orílẹ̀-èdè tí ó rán orúkọ rẹ̀ pọ̀ láti ara aṣọ mẹ́ta, kí ni yóò máa fi ojú rírán tí ó wà lára aṣọ ọmọ kékeré ṣe ẹ̀sín sí?

Kí a má bàa ṣe ojúsàájú, àwọn diaspo náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn mìíràn nínú wọn ń fi ọ̀làjú Àbíjàn ṣe fáàrí, wọ́n ń fi ojú tín-ín-rín ẹni tí kò rí òkun rí. A mọ̀ pé ìgbéraga ẹni tí a kò fi ọwọ́ méjèèjì gbà ni. Ìgbéraga náà ni síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wálé wàyí. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho, Ọ̀fà àti Èjìgbò, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kùmásì àti Tamale láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, di ẹrù, wọ́n kó àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀. Àwa tí a wà nílé wí pé wọ́n padà dé. A pe àwọn ọmọ náà ní ará Gánà, a sì fi ohùn ẹnu wọn rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, ìjọba tiwa náà ṣe ohun tí Busia ṣe: a lé àwọn ará Gánà, àpò tí wọ́n kó ẹrù sí ni a sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di òní. Àwọn ọmọ tí a bí sí Èkó wà nínú àwọn tí a lé.

Èjìgbò ni ó sún mọ́ Ouagadougou jù nínú ọ̀ràn yìí. Ó pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Àbíjàn, débi pé Faransé ń dún ní ọjà ìlú náà láti ẹnu ọmọ Yorùbá. Bí ọmọ ọdún 11 bá ti Àbíjàn dé, tí ó ti kàwé fún ọdún márùn-ún ní èdè Faransé, kí ni olùkọ́ yóò ṣe fún un? Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó rọrùn kí a wí pé kò mọ nǹkan kan, kí a mú un lọ sí kíláàsì kejì, kí ó jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún 7, kí orúnkún rẹ̀ máa kan tábìlì. Ọmọ náà mọ ìṣirò, ó sì mọ ìtàn. Ilẹ̀kùn tí ó gbà kó wọn wọlé ni àwa kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀ràn ara wa. Ní 1996, ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha kéde pé Faransé yóò di èdè ìjọba kejì ní Nàìjíríà. Láti 1991 ni a ti dá abúlé ẹ̀kọ́ Faransé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lọ gbé ibẹ̀ kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ọmọ tí èdè náà ti yọ̀ mọ́ lẹ́nu láti kékeré sì ń fi í pamọ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀ràn yìí kò sì ní dínkù. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2025, Burkina Faso, Mali àti Niger jáde kúrò nínú ECOWAS. ECOWAS ní kí a ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn, àwọn náà ní ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún wa, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn òbí tí wọ́n ń gbé òdìkejì ààlà ti rí i ní 1969, ní 1983 àti ní 2002 pé ohun tí ìjọba sọ ní àárọ̀ lè yí padà ní alẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí ìwé, ẹ̀yin sì ni ọmọ náà kọ́kọ́ ń gbọ́ orúkọ tuntun tí a fún un lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró níwájú kíláàsì kí ẹ bi í pé níbo gan-an ni ilé rẹ̀. Ẹ fún un ní ìṣirò ṣe kí ẹ tó bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá yege, ẹ fi í sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìrọ̀lẹ́. Ìjọba Ọ̀ṣun àti ti Ọ̀yọ́ ni a sì ń bẹ̀, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ilé ìwé ní Èjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ lè dán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò ní èdè Faransé. Ìwé ìdánwò kan àti olùkọ́ kan tí ó gbọ́ èdè náà ni ó gbà.