Ẹ̀jẹ̀ kò gbà pé “wèrè ni”



Iṣẹ́ kan wà tí “ni” ń ṣe nínú “wèrè ni” tí a kì í sábà fiyè sí. Bí a bá wí pé “olùkọ́ ni”, ohun tí ẹni náà jẹ́ ni a sọ. Bí a bá wí pé “ó ń ṣàìsàn”, ipò tí ó wà lónìí ni, ó sì lè má wà níbẹ̀ lọ́la. Ibà mú ènìyàn, a kì í wí pé “ibà ni” ẹni náà. Èéṣe tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí àìsàn bipolar ń bá jà?

Ojú méjì ni àìsàn yìí ní. Nígbà kan, ara ẹni náà á yá ní àyájù (ẹ bá mi wò ó bóyá orúkọ yìí bá a mu): kò ní í sùn, kò sì ní í rẹ̀ ẹ́, á máa náwó ní ìnákúnàá. Nígbà mìíràn, ìsoríkọ́ á gbé e ṣánlẹ̀. Láàárín méjèèjì, ó lè pẹ́ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí èmi àti ẹ̀yin.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń wá àmì ipò wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kan ni BDNF, èròjà tí ń ran ọpọlọ lọ́wọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ó máa ń dín kù nígbà àyájù àti nígbà ìsoríkọ́. Bí ara bá ti balẹ̀, a sún mọ́ ti ẹni tí kò ṣàìsàn rárá. Òmíràn ni CRP, tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe; òun a máa pọ̀ sí i, pàápàá nígbà àyájù. Ẹ̀jẹ̀ pàápàá mọ̀ pé ipò ni, kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ má tìtorí èyí sáré lọ sí ilé àyẹ̀wò o. Ibà lásán lè gbé CRP ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, BDNF sì ń dín kù nínú àìsàn ọpọlọ mìíràn. Kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó lè fi hàn pé bipolar ni ó ń ṣe ènìyàn. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ó ń lo lithium, oògùn tí John Cade ròyìn rẹ̀ ní Ọsirélíà ní 1949, bí oògùn náà ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń sọ, kí ó má baà di májèlé. Ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn àti ti ará ilé rẹ̀ ni dókítà ṣì gbójú lé jù.

Ibẹ̀ ni ó ti kàn wá. Bí ará ilé bá dé iwájú dókítà tí ó ní “wèrè ni”, kí ni dókítà fẹ́ fi ṣe? Òru mélòó ni kò fi sùn? Ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Èdè wa kò ṣaláìní ọ̀rọ̀ fún un: inúdídùn, ìbànújẹ́, ìsoríkọ́, ìfọkànbalẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan padà sí kíláàsì lẹ́yìn ìtọ́jú, ó sì ń ṣe dáadáa. “Wèrè” ni àwọn kan ń pè é lẹ́yìn. Àwọn tí ó rò pé àwọn ṣàánú rẹ̀ ń pè é ní “wèrè aláṣọ”. Mo ní kí wọ́n máa wí pé: “Ó ṣàìsàn, ó ń lo oògùn rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀.”