Ohun tí òkìtì ìkarahun ń sọ fún wa nípa ọ̀sà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó tó àkókò kí a wo ẹ̀yìn wò lórí ọ̀rọ̀ omi wa ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹni tó bá dúró létí kánáàlì Òkè-Afá ní Ìsọlọ̀ yóò rí ọ̀rá, ike àti pàǹtí tí àwọn èèyàn ń dà sínú rẹ̀. Omi yìí kì í dúró sójú kan. Ìhà ọ̀sà ló ń ṣàn lọ, níbi tí omi dídùn ti ń pàdé omi iyọ̀. Irú ibẹ̀ ni ọ́ísítà, ẹran inú ìkarahun tó ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi etí omi, ń gbé. Ó ń sẹ́ omi bí ìgbà tí à ń sẹ́ ògì. Bí omi bá dọ̀tí, inú ara rẹ̀ ni ìdọ̀tí yóò kó sí, yóò sì di àìsàn fún ẹni tó bá jẹ ẹ́.

Ní Saloum, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, òkìtì ìkarahun 218 ló wà tí àwọn ará àtijọ́ jẹ ẹran inú wọn tì. Wọ́n sin òkú sí 28 nínú wọn. Àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2011. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ tó yẹ irú òkìtì bẹ́ẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà fi hàn pé àwọn onílẹ̀ kó ọ́ísítà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, síbẹ̀ kò tán. Ìgbà tí àwọn òyìnbó oníṣòwò dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í run.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń jẹun nínú omi ló mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Gambia ti gba ẹ̀kọ́ yìí. Lọ́dún 2012, ìjọba wọn fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ TRY láṣẹ lórí kíkó ọ́ísítà ní irà Tanbi. Àwọn fúnra wọn ń dáwọ́ dúró fún oṣù púpọ̀ lọ́dún kí àwọn kéékèèké lè dàgbà.

Nítorí náà, à ń rọ ìjọba Èkó pé kí wọ́n pe àwọn apẹja àti àwọn ìyá etí ọ̀sà sí ìpàdé kí wọ́n tó fọwọ́ sí wíwa yanrìn tàbí dídí ọ̀sà. Kí àwọn onímọ̀ ohun àtijọ́ sì kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé da pàǹtí sí kánáàlì. Ọbẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa jẹ tó ṣẹ́ kù fún wa, ẹ má jẹ́ ká da erùpẹ̀ sí i.