Àrùn ìgbàgbé: Ìtọ́jú àgbà kì í ṣe ọ̀fẹ́, àwọn ọmọbìnrin ló ń san owó rẹ̀

Bí ìyá àgbà kan ní Dansoman bá jí ní aago mẹ́ta òru, tó ní òun ń lọ sí ọjà tí òun ti fi sílẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn, dókítà kọ́ ló ń dìde láti mú un padà sórí ibùsùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọmọ náà kò ní lè lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba ilé ní àdúgbò Accra yìí ní àwọn ọdún 1970 ti di arúgbó. Àwọn ọmọ kan wà lókè òkun, wọ́n ń fowó ránṣẹ́. Ẹni tó kù nílé ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé àgbà ń ṣarán. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní àìsàn ni, kì í ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ bá ogbó rìn. Èèyàn mílíọ̀nù 57 ló ní i lágbàáyé ní 2021. WHO ní nǹkan bí ìdajì owó tí àrùn náà ń ná aráyé ló jẹ́ iṣẹ́ tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń ṣe, àti pé àwọn obìnrin ló ń ṣe ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí ìtọ́jú náà.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Àmọ́ ọmọ tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ nítorí ìyá rẹ̀, ọmú wo ló kù láti mu?

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀

Owó iṣẹ́ òòjọ́ tó kéré jù lọ ní Ghana ní 2025 jẹ́ Cedi 19.97. Ẹni tó bá gbà á fún ọjọ́ 27 yóò mú Cedi 539.19 lọ sílé lóṣù. Bí ìdílé bá gba olùtọ́jú mẹ́ta tí yóò pín ọ̀sán àti òru láàrin ara wọn, Cedi 1,797.30 ni fún ọgbọ̀n ọjọ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ mẹ́ta kò tó o san, bẹ́ẹ̀ ìlédìí àti oògùn kò tíì sí níbẹ̀.

Ètò adójútòfò ìlera ìjọba, NHIS, kì í gba owó adójútòfò lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pé 70 ọdún. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú ilé ìwòsàn ló wà fún, kì í ṣe owó ẹni tó ń jókòó ti àgbà nílé.

Ọ̀nà kan wà. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì máa ń ṣófo láàrin ọ̀sẹ̀. Bí ìdílé mẹ́fà bá kó àwọn àgbà wọn jọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, tí wọ́n gba olùtọ́jú méjì fún ọjọ́ 27, Cedi 179.73 ló kan ìdílé kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ Ablekuma West pèsè irú ibùdó bẹ́ẹ̀, kí NHIS sì bá wọn san nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní àbùkù ni kí ọmọ gbé ìyá rẹ̀ fún àjòjì. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni ìyá yóò padà sílé. Ọmọ tó rí iṣẹ́ ṣe lọ́sàn-án ni yóò rí owó ra oògùn rẹ̀, tí kò sì ní fi ìbínú dìde nígbà tí aago mẹ́ta òru bá tún lù.