Ọ̀pá Jíà Àtijọ́ Kò Yẹ fún Ààtàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe sí ohun èlò wọn nìyẹn. Bí ohun kan bá ti kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é. Ààtàn ni wọ́n ń jù ú sí, òmíràn ni wọ́n sì ń sáré lọ rà. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a máa ń dá lẹ́bi ikú láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ni ọ̀pá jíà kékeré tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́.

Kẹ̀kẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá gùn lọ sí oko àti ọjà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Raleigh ṣe ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sábà ní ju irin eléyín kan ṣoṣo lọ ní ìdí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí òkè bá ga jù, ẹni tí ó gùn ún yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì máa tì í lọ. Ṣùgbọ́n àwọn eléré-ìje ilẹ̀ Faransé àti Ítálì ní láti gun òkè ńlá láìsọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń to irin eléyín mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn: kékeré fún ilẹ̀ títẹ́jú, ńlá fún òkè. Ẹ̀rọ kan ni ó ń darí ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Ìdíje Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903, ṣùgbọ́n ọdún 1937 ni àwọn tí ń ṣe é tó gbà kí gbogbo eléré-ìje lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ jíà yóò sọ̀kalẹ̀, yóò yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, yóò sì yí i padà, nítorí pé irin eléyín ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òsì. Ní ọdún 1933, Tullio Campagnolo dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Vicenza ní Ítálì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ Gran Sport jáde, àwọn ẹlòmíràn sì tẹ̀lé àpẹẹrẹ rẹ̀. Ọ̀pá kékeré méjì tí a dè mọ́ irin férémù tí ó dàgẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ ni a fi ń darí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú ọ̀pá náà kò ṣòro láti mọ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ara rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ó wà lẹ́yìn. Sípíríǹgì inú ẹ̀rọ náà kò yé fa wáyà yìí, bí ẹni pé ó fẹ́ gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ohun tí kò jẹ́ kí ó gbà á ni wọ́ṣà pẹlẹbẹ mélòó kan tí bóòtù kan fún pọ̀ mọ́ ọn. Bí ìfúnpọ̀ náà bá dín, ọ̀pá yóò yọ̀ síwájú fúnra rẹ̀, ṣéènì yóò sì bọ́ sórí irin kékeré nígbà tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń làkàkà lórí òkè. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ọ̀pá yóò le koko débi pé ọwọ́ kò ní lè yí i. Gbogbo ìlera rẹ̀ kò ju pé kí ìfúnpọ̀ àti ìfà yìí ṣe déédéé lọ.

Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yára sọ pé ọ̀pá jíà ti kú. Bí ó bá ń yọ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí a fún bóòtù rẹ̀ díẹ̀. Òrùka kékeré wà lórí bóòtù púpọ̀ nínú wọn tí ó jẹ́ pé ọwọ́ lásán ni a fi ń yí i. Bí ó bá sì le, kí a tú wáyà kúrò lára rẹ̀, kí a sì yí ọ̀pá náà lófìfo. Bí ó bá rọrùn láti yí nígbà náà, ọ̀pá kò jẹ̀bi rárá. Inú ọ̀pọ́n tí wáyà ń gbà kọjá ni ìpẹtà àti ìdọ̀tí wà. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, owó kankan kò sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n púpọ̀ ni ọ̀pá tí a ti sọnù nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí wáyà ṣẹ̀.

Bí ó bá ń yọ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti fún bóòtù rẹ̀, a ní láti tú u palẹ̀. Kí a tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, kí a sì máa to wọ́ṣà kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ bí wọ́n ti ń jáde, kí ti ọ̀tún má ṣe dàpọ̀ mọ́ ti òsì. Aṣọ yìí ṣe pàtàkì jùlọ fún irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Maeda ní ilẹ̀ Japan ṣe lábẹ́ orúkọ SunTour, nítorí pé àwọn eyín wẹ́wẹ́ àti sípíríǹgì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó lè fò sọnù. Kẹrosíìnì ni kí a fi fọ gbogbo rẹ̀, kí a sì nù ún gbẹ. Gírísì díẹ̀ tó fún ibi tí ọ̀pá ti ń yí po; ẹni tí ó bá rẹ wọ́ṣà sínú òróró ti ba iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé ohun tí a fẹ́ kí ó di nǹkan mú ni ó sọ di ohun tí ń yọ̀. Bí a bá ń dè é padà, sùúrù ni kí a lò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bóòtù tí a fi agbára fún yóò jẹ ojú ihò rẹ̀, wọ́ṣà oníke tí ó ti gbó yóò sì là.

Wáyà náà kò gbọ́dọ̀ di ohun ìgbàgbé. Ìtòsí orí rẹ̀, níbi tí ó ti wọ inú ọ̀pá, ni ó ti sábà ń já ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá rí fọ́nrán kan tí ó ti já, kí ó pààrọ̀ wáyà náà lọ́jọ́ náà. Wáyà kéré lójú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n kíkéré ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí ó bá já lójú òkè, orí irin tí ó kéré jùlọ ni ṣéènì sábà máa ń bọ́ sí, ìyẹn sì ni ó nira jùlọ láti fi gun òkè.

Àwọn kan yóò sọ pé ìgbà irú ọ̀pá báyìí ti kọjá. Wọn kò ṣàìní ẹ̀rí. Ní ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Shimano ti Japan gbé ọ̀pá jíà onípele jáde sára ohun èlò Dura-Ace: ẹ̀ẹ̀kan tí ó bá dún ‘kẹ̀’, ṣéènì ti bọ́ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1990, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ìjánu, ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kò sì ní láti ká ọwọ́ kúrò lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Òótọ́ ni pé èyí rọrùn, ó sì dára jù fún ẹni tí ń sá eré-ìje láàárín èrò. Ẹni tí ó bá jiyàn rẹ̀ ń fi ìfẹ́ ohun àtijọ́ bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn yìí ní iye tí ó ń gbà. Iye irin eléyín kan pàtó, àti àlàfo àárín wọn, ni a ṣe ọ̀pá onípele fún. Bí a bá pààrọ̀ wọn sí irú mìíràn, ìpele rẹ̀ kò ní bá wọn mu mọ́. Ọ̀pá àtijọ́ kì í ka irin eléyín. Ì báà jẹ́ márùn-ún, ì báà jẹ́ mẹ́jọ, bí wáyà tí ó ń fà bá ti tó, yóò ṣiṣẹ́. Etí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ni yóò sọ fún un bóyá ṣéènì ti jókòó dáadáa tàbí ó ń ha irin. Ẹ̀wẹ̀, inú èyí tí a pa pọ̀ mọ́ ìjánu kún fún irin wẹ́wẹ́ tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè tú. Bí gírísì inú rẹ̀ bá gbẹ, a máa ń sọ pé ó ti bàjẹ́, a ó sì ra òmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé fífọ̀ lásán lè tó fún un. Ohun tí oníhun kò lè tú wò, àlejò ni ó jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ni ó fi rà á.

Ẹ̀rí pé ọ̀pá àtijọ́ kò tíì kú wà ní ìlú Gaiole ní agbègbè Tuscany ní Ítálì. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń ṣe ìrìn-àjò orí kẹ̀kẹ́ kan níbẹ̀ tí a ń pè ní L'Eroica. Òfin ibẹ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ eré-ìje tí a ṣe ṣáájú ọdún 1987 ni kí olúkúlùkù gùn, pẹ̀lú ọ̀pá jíà lára irin férémù. Ojú ọ̀nà eléruku ni wọ́n ń gbà, òkè ibẹ̀ sì ga. Kì í ṣe pé a fi irin mìíràn ṣe kẹ̀kẹ́ wọn tí ó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀; ẹnì kan ni ó ń tú wọn, tí ó ń fọ̀ wọ́n, tí ó sì ń dè wọ́n padà.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó yẹ kí a tọ́jú. Bí ọ̀pá bá ti là, tàbí tí ojú ihò bóòtù rẹ̀ ti jẹ tán, kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ àrùn kí a tó kéde ikú. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ láti tú ọ̀pá jíà kan palẹ̀, tí ó mọ ohun tí wọ́ṣà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, tí ó sì tò ó padà tí ó ṣiṣẹ́, ti kọ́ ohun tí ó ju títún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ. Ó ti kọ́ láti wádìí kí ó tó dá ẹjọ́.