Ọkọ̀ Tuntun àti Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Gbólóhùn kan wà ní ìlú wa tí ó máa ń ṣi àlejò lọ́nà. Bí ẹnìkan ní Plateau bá sọ pé aládùúgbò òun ti ra ọkọ̀ tuntun, àlejò a rò pé ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà ni ó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwa onílé mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà lè ti sáré fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ilẹ̀ Faransé tàbí ní Jámánì kí ó tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tí ó rà á ni tuntun. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ni wọ́n fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí ó bá a mu jù lọ: tòkunbọ̀, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé. Bí a bá gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ dé, ijó ni a ń jó, a kì í bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́hùn-ún. Ti ọkọ̀ ni kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé mo ti ń rí àwọn ọkọ̀ kékeré kan ní Ṣábẹ̀ tí ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó wọn. Ìdí wọn kúrú, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn sì ń ṣí sókè pẹ̀lú dígí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìjọba ń bi mí léèrè bóyá ẹni tí ó ń jẹun nínú owó oṣù lè ra irú rẹ̀. Wọ́n ń béèrè bí ẹni pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, àti fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn a máa ra Peugeot tàbí Renault tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà. Ìyà àwọn ọdún 1988 àti 1989, nígbà tí owó oṣù ń pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni ó kọ́kọ́ ba àṣà náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994 dé, tí fàráǹkì ilẹ̀ Faransé kan tí a ń fi sééfà 50 rà di sééfà 100. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni àwa nígbà náà, ṣùgbọ́n a gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe ń kùn. Ọkọ̀ tuntun tí ó ti Yúróòpù wá di ìlọ́po méjì owó rẹ̀, owó oṣù kò sì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Tòkunbọ̀ tí ó ń gba èbúté Kútọnu wọlé ni ó gba ipò náà, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà kò sì mọ òmíràn.

Irú ọkọ̀ kékeré tí mo ń sọ yìí ní bàbá ńlá tí ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀. Renault 4 ni, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1961. Àgbẹ̀ àti ará ìlú ni wọ́n jọ ṣe é fún: ilẹ̀kùn ńlá kan wà lẹ́yìn, a sì lè ká ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kí ẹrù lè rí àyè. Ó lé ní mílíọ̀nù 8 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ìyàtọ̀ tí ó wà lónìí ni pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò ti Paris wá mọ́. Ilé iṣẹ́ Renault tí wọ́n ṣí ní Tangier, ní Mòrókò, ní ọdún 2012 ń ṣe Dacia Sandero. Láti ọdún 2019, Peugeot 208 ń jáde ní Kénitra ní orílẹ̀-èdè kan náà. Toyota Starlet tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà, Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é, Suzuki Baleno sì ni lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ara ọkọ̀ yangàn, ẹ jẹ́ kí ó rántí èyí.

Kí a má sì rò pé tuntun ni ààbò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, àjọ Global NCAP àti ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ ní South Africa mú ọkọ̀ márùn-ún tí wọ́n ń tà níbẹ̀, wọ́n gbá wọn mọ́ ògiri láti wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn inú rẹ̀. Toyota Etios gba ìràwọ̀ mẹ́rin, Renault Sandero gba mẹ́ta, Chery QQ3 kò gba ẹyọ kan. Tuntun ni gbogbo wọn. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà béèrè iye àpò afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú ọkọ̀ kí ó tó béèrè àwọ̀ rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ojúgbà mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi ní tòótọ́. Ó ti rí ọkọ̀ tí ó wù ú; owó ni ó kù. A jọ jókòó, a fi ẹfun ṣírò rẹ̀ sára pátákó lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Kí a ní pé ó yá 6.000.000 sééfà. Bí èlé bá jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí ó sì ń san án fún oṣù 60, nǹkan bí 121.660 ni yóò máa jáde lóṣù. Ní òpin ọdún karùn-ún, yóò ti san nǹkan bí 7.300.000. Ní àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA, òfin kò jẹ́ kí báńkì gba èlé tí ó ju 15 lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé ìyánilówó kéékèèké lè gbà á dé 24. Ní 24, owó kan náà yóò máa jẹ nǹkan bí 172.600 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì lé ní 10.300.000. Ìyàtọ̀ àárín àkọ́kọ́ àti ìkejì ju 3.000.000 lọ, ìyẹn ìdajì ọkọ̀ náà. Ó wo pátákó títí, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò yìí lọ́dọọdún, n kò fi í ṣírò ara mi rí.”

Àbúrò bàbá rẹ̀ kò nílò pátákó. Ó ní: “Owó tí o fẹ́ fi ra ìgbín yìí yóò ra Corolla tòkunbọ̀, yóò sì ṣẹ́kù fún òrùlé ilé. Corolla yóò máa kó èrò lọ sí Glazoué lọ́jọ́ ọjà, yóò máa mú owó wálé.” Ẹ má fi bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́. Atúnkọ̀ṣe tí ó mọ Corolla wà lábẹ́ igi gbogbo láti ibí dé Parakou, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò sì wọ́n. Ohun tí bàbá náà kò fi kún un ni pé kò sẹ́ni tí ó mọ ìtàn Corolla ọ̀hún. Òǹkà kìlómítà rẹ̀ ń sọ ohun tí ẹni tí ó tà á fẹ́ kí ó sọ. Ìjánu rẹ̀ lè ti jẹ tán. Ó sì lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya sí méjì rí kí wọ́n tó jó o pọ̀. Èrò márùn-ún tàbí mẹ́fà ni yóò sì máa gbé lórí ọ̀nà kan náà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí Malanville.

Ọkọ̀ tuntun náà ní ìyọnu tirẹ̀, a kì í sì í sọ ọ́ fún ẹni tí ó ń rà á. Ìwé pélébé kan ń bá a wá, tí wọ́n ń kọ gbogbo ìtọ́jú rẹ̀ sí. Bí a kò bá gbé ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí ní àkókò rẹ̀, àdéhùn àtúnṣe ọ̀fẹ́ lè bàjẹ́. Láti Ṣábẹ̀ dé Kútọnu jẹ́ nǹkan bí 250 kìlómítà. Bí ọkọ̀ kékeré bá ń mu lítà 6 ní kìlómítà 100, lítà 30 ni àlọ àti àbọ̀, láì ka ọjọ́ iṣẹ́ tí ó sọnù. Ti ẹ́sáǹsì tún wà níbẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ àwọn ìgò kpayo tí ó wà létí ọ̀nà. Tòkunbọ̀ àtijọ́ ń mu ún láì ṣàròyé púpọ̀. Ẹ̀rọ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ihò tí epo ń gbà wọlé kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kò fẹ́ omi àti ìdọ̀tí tí ó máa ń wà nínú ìgò náà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ààrẹ Nàìjíríà kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti parí, kpayo gan-an kò pọ́ọ́kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́; ìdí tí ènìyàn fi ń fi ọkọ̀ olówó ńlá wewu nítorí rẹ̀ kò yé mi.

Ibi tí mo dúró sí nìyí. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ dájú, tí báńkì gbà á láàyè ní èlé tí kò pọ̀, tí ohun tí yóò máa san kò sì ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ lọ, kí ó ra kékeré tuntun náà, kí ó sì wà á fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ọ̀dọ̀ ilé ìyánilówó kéékèèké nìkan ni ó kù fún, kí ó dúró lórí alùpùpù rẹ̀ títí yóò fi ní ìdajì owó náà lọ́wọ́. Ẹni tí ó sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó san owó fún atúnkọ̀ṣe kan tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ń tà á, kí ó bá a yẹ abẹ́ ọkọ̀ náà wò kí owó tó kúrò lápò rẹ̀.

Ojúgbà mi yan báńkì, ó sì ń tọ́jú owó ìṣíwájú. Ó lọ bá àbúrò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ọkọ̀ náà lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú, n kò ní fi í kó èrò.” Bàbá náà wo àwòrán náà fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi í: ṣé ìjókòó ẹ̀yìn ń ká wálẹ̀ kí iṣu lè wọlé? Ọmọ náà ní ó ń ká.