Ìrora Ọmọ Kì Í Ṣe Ìdánwò

"Fara dà á, ṣebí ọkùnrin ni ẹ́." N'Ìkòròdú, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, gbogbo wa la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé bẹ̀lúbẹ̀lú rẹ̀, a ní ó tó gẹ́ẹ́.

Bí ọ̀fun bá ń dun ọmọ, kò ní mu omi. Bí kò bá mu omi, ọ̀fun á gbẹ, ìrora á tún le sí i, ara á sì rẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ rí i pé ìfaradà tí à ń yìn ló ń dá kún àìsàn?

Àwọn kan á ní tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti tán. Ó tì o! Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ló máa ń le jù fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ. Ojú egbò á funfun, ẹnu á rùn, etí á máa dùn ún. Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é. Nítorí náà, oògùn ọjọ́ méjì kò tó. Parasitamọ́ọ̀lù ni kó máa lò déédéé, bí dókítà ṣe wọ̀n ọ́n mọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ké. Ẹ fún un ní omi tútù àti ògì tútù. Ọbẹ̀ ẹja Ẹ́pẹ̀ẹ́ dùn, àmọ́ kí ata rẹ̀ dúró ná.

Ẹ má sì sáré lọ ra oògùn líle ní kẹ́mísítì. Ní 2013, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má fún ọmọdé ní codeine lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, torí ara àwọn ọmọ kan máa ń yára sọ ọ́ di morphine, èémí wọn á sì dákẹ́. Ní 2017, wọ́n fi tramadol kún un. Aspirin náà kọ́, ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Ìyá tó gbé ọmọ láti Ẹ́pẹ̀ẹ́ lọ ṣiṣẹ́ abẹ n'Ìkẹjà, ta ló máa bi léèrè bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ lóru? Ọ̀nà Ìtòíkín kì í ṣe ibi téèyàn ń wá ọkọ̀ láago méjì òru. Ohun tí à ń bèèrè kò pọ̀: kí ilé ìwòsàn kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, oògùn wo, ìwọ̀n wo, wákàtí wo, àti ibi tó súnmọ́ tí wọ́n lè sá lọ. Bébà kan péré ni. Kí ló dé tí kò sí?